Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ mónógíráàmù ní gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Aránṣọ ni mí ní Ìsọ̀kun, Iléṣà níbí. Mo rí ẹ̀rọ mónógíráàmù Brother kan lórí eBay. Owó tó wà lórí rẹ̀ báyìí jẹ́ $95, ọjọ́ mẹ́ta ló sì kù kí gbàǹjo náà parí. Wọ́n kọ "untested" sí i. Àbúrò mi wà ní Houston. Ṣé kí n fi owó lé e?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Ní tèmi, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹni tó ní ẹ̀rọ nílé, tí iná sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ìṣẹ́jú kan tó láti tàn án wò. Tó bá wá kọ ọ́ pé òun ò dán an wò, ó ṣeé ṣe kó ti dán an wò kó má ṣiṣẹ́. Ẹ wá òmíràn. Kí ẹ tó fi owó lé e, ẹ ní kí olówó rẹ̀ ya fọ́tò ẹ̀rọ náà nígbà tó wà lórí iná, àti ti àwọn férémù tó ń di aṣọ mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé ló máa ń ka iye ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ tó ti rán. Ẹ ní kó ya ìyẹn náà. Àwọn òṣómàáló bàbá wa, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, mọ ilé àti ọ̀nà oko gbogbo ẹni tí wọ́n fún láṣọ. Ẹ̀yin náà, ẹ ka ohun tí àwọn tó ti rajà lọ́wọ́ ẹni náà kọ, pàápàá àwọn tó bínú.

$95 yẹn kì í ṣe iye ẹ̀rọ. Iye tó bá fi wọ Iléṣà ni iye rẹ̀. Ẹ mú bébà, kí ẹ ro ó pọ̀: owó gbàǹjo, owó orí ọjà (8.25% ni ní Houston), owó àtifi ránṣẹ́ dé ilé àbúrò yín, owó ẹrù wá sí Èkó, owó mọ́tò wá sílé. Owó bàálù ló máa ń ba ìṣirò àwọn èèyàn jẹ́, torí wọn kì í wo ìwọ̀n nìkan, wọ́n ń wo bí páálí ṣe tóbi. Ọ̀pọ̀ wọn á sọ gígùn, ìbú àti gíga di púpọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á pín in sí 5,000. Páálí tó jẹ́ 60 lọ́nà 45 lọ́nà 45 á di nǹkan bíi kílò 24, bí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ò tiẹ̀ ju kílò 10 lọ. Ẹ fi tiransifọ́mà kún un. Iná 120 fóòtì ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé Amẹ́ríkà fún, tiwa sì jẹ́ 230. Mo ti tú èyí tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ jóná kanlẹ̀ torí ọmọ iṣẹ́ kan kàn kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Tí ẹ bá rí èyí tó dáa, ẹ fi "Sold items" wo iye tí irú rẹ̀ tà gan-an. Ká ní lẹ́yìn tí ẹ ti yọ àwọn owó yòókù, agbára yín ò kọjá $250, ẹ fi gbogbo rẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọn ò ní gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ yín, díẹ̀ ni eBay máa ń fi lé ti ẹni tó tẹ̀ lé yín: tí ẹni tó tẹ̀ lé yín bá dúró sí $180, $182.50 lẹ máa san. Tí ẹnì kan bá kọjá yín, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ wá sanwó fún òun níta eBay, ẹ sá fún un.

Àbúrò yín ló wá ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. eBay máa ń dá owó padà tí ọjà ò bá rí bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀, 30 ọjọ́ lẹ sì ní láti fẹjọ́ sùn. Àmọ́ tí ọjà bá ti kúrò ní àdírẹ́sì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé, ààbò yẹn ti tán. Ẹni tó bá ní kí wọ́n gbé e tààrà fún àwọn akẹ́rù, tó wá tú u wò ní Iléṣà, kò rí ẹni bá ṣẹjọ́ mọ́. Torí náà, ilé àbúrò yín ni kó kọ́kọ́ dé. Lọ́jọ́ tó bá dé gan-an ni kó ki òwú bọ̀ ọ́, kó rán ọnà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó sì ṣe fídíò rẹ̀ fún yín. Kó má rí i pé ó tanná kó ní ó ti tó. Ojú ẹ̀rọ lè tàn, kí apá tó ń gbé férémù má lè rìn. Tí nǹkan kan bá kù díẹ̀ káàtó, kó dá a padà látibẹ̀.

Tó bá pé, kó yọ abẹ́rẹ́, kó tú apá férémù kúrò lára rẹ̀, kó fi fóòmù wé e lọ́tọ̀ kó tó dì í. Apá yẹn lè kán lọ́nà, òmíràn sì lè wọ́n.