Ẹ má gbé ìwé tí ẹ ń kọ wá sí ìsinmi

Ẹ ní ìtàn tí ẹ ń kọ ti dúró sójú kan fún bí oṣù méjì, ẹ sì fẹ́ wá lo ọ̀sẹ̀ kan ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ lè parí rẹ̀ níbí. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ máa bọ̀, ṣùgbọ́n kí kọ̀ǹpútà dúró sílé l'Ékòó. Ẹni tó kó iṣẹ́ wá sí ìsinmi kàn pààrọ̀ ibi iṣẹ́ ni, kò sinmi rárá. Ohun tí ojú mi ti rí nídìí iṣẹ́ yìí ni kò jẹ́ kí n fi ẹnu kékeré sọ ọ́.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àárẹ̀ ló mú yín, àbí ìtàn náà ló ní àléébù. Bí ẹ bá ń kọ nǹkan mìíràn wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ẹ sì ń gbádùn ìwé tí àwọn ẹlòmíì kọ, tó wá jẹ́ pé orí kan ṣoṣo nínú ìtàn yìí ni kò gbọ́, kò rẹ̀ yín, ìtàn ló ṣìnà. Ẹ padà sẹ́yìn bí ojú ìwé mẹ́wàá, ẹ wá ibi tí ẹ ti mú kí ẹnìkan ṣe ohun tí irú rẹ̀ kì í ṣe, torí pé ẹ fẹ́ kí ìtàn yá. Ibẹ̀ ló sábà máa ń bàjẹ́ sí, ìrìn àjò kò sì lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ìwé kíkà pàápàá kò bá wù yín mọ́, tí gbólóhùn tòní ń jọ tàná, àárẹ̀ nìyẹn. Òun ni ìsinmi ń wò.

Ẹ má ṣe parí orí kankan kí ẹ tó kúrò nílé. Ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ni kí ẹ dá a dúró sí, àní láàárín gbólóhùn pàápàá. Kí ẹ wá kọ ìlà mẹ́ta sísàlẹ̀: ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹni inú ìtàn ń wá lójú méjèèjì, ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí a kò parí kì í kúrò lọ́kàn bọ̀rọ̀. Ọkàn á máa tú u wò nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀, nígbà tí ẹ bá ń jẹun.

Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lọ́dún 2021, máa ń dúró ní Abẹ́òkúta. Ibùdó náà, tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè, kò sí láàárín ìlú, Láderin ló wà, ẹ máa tún wọ mọ́tò kí ẹ tó dé Ìbarà tàbí Ìtòkú. Ẹ gba yàrá. Bí ẹ bá sùn sílé ẹbí, òde àríyá ni lọ́jọ́ Sátidé, ilé àwọn àgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ kí ni lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ kí wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá ń padà.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ máa ń da ọkàn àwọn èèyàn láàmú. Ẹ máa sùn ṣáá, orí yín á ṣófo, ẹ ó máa rò pé owó ti ṣòfò. Oorun tí ẹ ti fi du ara yín ni ara ń gbà padà. Ẹ má fi tipátipá kọ ohunkóhun.

Láti ọjọ́ kẹta, rírìn ni iṣẹ́ yín. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ jáde pé èrò tuntun máa ń sọ sí ẹni tó ń rìn lọ́kàn ju ẹni tó jókòó lọ, kódà bó bá jẹ́ orí ẹ̀rọ tí a fi ń rìn lójú kan ló ti ń rìn, tó kọjú sí ògiri. Bó bá jókòó tán, ipa rẹ̀ ṣì máa ń wà fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ ìrìn kò ran ìbéèrè tó ní ìdáhùn kan ṣoṣo lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ má rò pé ìrìn á bá yín ṣe àtúnṣe àkọtọ́ tàbí kó gé gbólóhùn kúrú. Àga lẹ ti ń ṣe ìyẹn.

Ẹ gun Olúmọ ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú òkúta gbóná. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ó máa ń yọ̀ gan-an. Ẹ má tètè yọ fóònù láti ya fọ́tò: tí a bá ti yà á, ojú á gbà pé òun ti rí i tán.

Ìtòkú ni ọjà àdìrẹ, ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbi tí wọ́n ti ń tà nìkan. Ẹ ra nǹkan, kí ẹ wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n júwe ibi tí wọ́n ti ń pa á láró. Aṣọ tó jáde nínú aró ẹlú kì í ní àwọ̀ aró lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé tó ń fà sí ìyeyè ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún sá a, títí á fi jinlẹ̀. Ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un. Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé “ó rẹwà”. Ẹ kọ ohun tí ọwọ́ aláró ń ṣe, ibi tí aró dé lápá rẹ̀, àti gbólóhùn kan tó sọ, gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́ lẹ́nu Ẹ̀gbá. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí mò ń kà, ẹnu kan náà ni ìyá ọlọ́jà àti ọmọ yunifásítì fi ń sọ̀rọ̀, ó sì máa ń dùn mí.

Ìwé kékeré tó wọ àpò àti bírò lásán ti tó. Yíǹkì olómi máa ń ṣàn bí òógùn bá kàn án. Ojú ìwé kan lóòjọ́, ẹ má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìlà kan nínú ìtàn yín bá ṣàdédé sọ sí yín lọ́kàn, ẹ kọ ọ́, kí ẹ pa ìwé dé.

Tí ẹ bá délé, ẹ sinmi fún ọjọ́ kan kí ẹ tó jókòó. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tẹ ohun tí ẹ kọ, torí pé “aró, ìgbọ̀nwọ́” tó yé yín dáadáa ní Ìtòkú kò ní yé yín mọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má ka ìtàn láti ojú ìwé kìíní, torí bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, àtúnṣe lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe. Ẹ ṣí ibi tí ẹ dá a dúró sí, ẹ ka ìlà mẹ́ta yẹn, ẹ parí gbólóhùn náà. Ogún ìṣẹ́jú péré, kí ẹ dìde bó tilẹ̀ ń dùn. Ogójì lọ́jọ́ kejì. Bó bá sì jẹ́ Ìkòròdú ni ìtàn yín ti ṣẹlẹ̀, ẹ má fi tipá gbé aláró Abẹ́òkúta wọ inú rẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé kékeré náà fún iṣẹ́ mìíràn.