Ẹ Bi Wá: Àwọn Ohun Abẹ̀mí Tí Kò Nílò Ọ́síjìn

ÌBÉÈRÈ: Mo gé kárọ́ọ̀tì sínú ìgò, mo bu omi iyọ̀ lé e, mo dé e pinpin, mo sì hó àwọn ìgò náà nínú omi fún odindi wákàtí kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdérí méjì wú sókè. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé, kí ló wá ń gbé níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àìsí afẹ́fẹ́ yẹn gan-an ló gbà á láyè. Bakitéríà kan wà tó ń jẹ́ Clostridium botulinum. Inú erùpẹ̀ ló ń gbé, inú erùpẹ̀ náà ni kárọ́ọ̀tì sì ti ń wá. Májèlé ni ọ́síjìn jẹ́ fún un. Bí nǹkan bá le fún un, á ká ara rẹ̀ sínú èèpo líle, á sì sùn síbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Omi híhó kò lè pa á nínú èèpo yẹn, nítorí omi inú ìkòkò lásán kì í gbóná kọjá 100°C. Ohun tí wákàtí kan yẹn ṣe ni pé ó pa àwọn kòkòrò yòókù tí ì bá bá a du oúnjẹ, ó sì lé afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ kàn bá àlejò gbálẹ̀ ilé ni. Bí ìgò ṣe tutù, irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ lè jí, kó máa jẹun, kí gáàsì tó ń yọ sì máa ti ìdérí sókè.

Ohun méjì ló ń dá a dúró. Ooru ni àkọ́kọ́: àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ inú agolo máa ń rí i dájú pé àárín gbùngbùn oúnjẹ náà, kì í ṣe omi tó yí agolo ká, gbóná dé 121°C fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 3. Ìkòkò tó ń há ooru mọ́nú ló lè mú omi gbóná tó bẹ́ẹ̀. Èkejì ni kíkan: bí pH oúnjẹ, ìyẹn òǹkà tó ń relẹ̀ bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i, bá wà ní 4.6 tàbí kó relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, kòkòrò náà kò lè dàgbà. Ìdí nìyí tí èso kíkan fi ṣeé hó lásán, tí kárọ́ọ̀tì, ẹ̀wà, ẹran àti ẹja kò sì ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọ́ ọ wò. Kòkòrò yìí ń ṣe májèlé sínú oúnjẹ, ìwọ̀nba tó lẹ̀ mọ́ orí ṣíbí sì lè gbẹ̀mí èèyàn. Àwọn ìgò tí ìdérí wọn kò wú, ẹ da wọ́n nù pẹ̀lú, torí májèlé náà lè wà níbẹ̀ láìsí òórùn, láìsí àmì kankan. Ẹ má ṣí wọn. Ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá kí ẹ tó jù wọ́n nù. Bí ẹnikẹ́ni bá ti jẹ níbẹ̀, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wálẹ̀, tó ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tàbí tí kò lè gbé itọ́ mì, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà wa ní kò sí ẹranko tí kì í lo ọ́síjìn. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kéde pé Henneguya salminicola, ẹranko bíńtín tó ń fi inú ẹran ara ẹja sálímọ́ọ̀nù ṣe ilé, ti pàdánù àwọn ohun àjogúnbá tí sẹ́ẹ̀lì fi ń lo ọ́síjìn. Ẹbí jẹ́lífíìṣì ni, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò sì pé mẹ́wàá.

Kò yani lẹ́nu pé ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fi ọ́síjìn jó gúlúkóòsì ẹyọ kan, á rí nǹkan bí ATP 30. ATP yìí ni owó ìná sẹ́ẹ̀lì. Láìsí ọ́síjìn, 2 péré ni yíìsì ń rí nínú gúlúkóòsì kan náà, èyí tó kù á sì bá ọtí lọ. Ta ni yóò fi 2 bọ́ ọpọlọ àti iṣan?

ÌBÉÈRÈ: Mo gbọ́ pé ẹja góòlù lè wà láìsí ọ́síjìn. Ṣé kí n pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi wọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ má pa á. Nínú omi tútù nini lábẹ́ yìnyín ni ẹja góòlù ti ń fara dà á. Ara rẹ̀ á sọ ásíìdì tí ì bá pa á di ọtí, á sì tú u sínú omi láti ẹ̀gbẹ́ orí tó fi ń mí. Ṣúgà tó kó pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ ló ń ná ní gbogbo àkókò yẹn, òtútù ni kì í jẹ́ kó tètè tán. Nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kíá ló ń tán. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń la ẹnu lójú omi, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà pẹ̀lú omi tí kò ní kílórínì, tí ìgbóná rẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ìṣó tó dógùn-ún nìkan ló ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì?

ÌDÁHÙN: Rárá. Ìṣó tuntun tó bá ti kan erùpẹ̀ lè gbé Clostridium tetani, bakitéríà tó ń fà á, wọ ara. Ihò jíjìn tóóró tí ìṣó dá sí ara, tí ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa, ni kòkòrò náà fẹ́, torí ọ́síjìn kò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́, ẹ má fi nǹkan dí ẹnu rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ẹ gbà kẹ́yìn bá ti lé ní ọdún 5, tí ojú ọgbẹ́ sì dọ̀tí, ẹ lọ gba òmíràn.