Sípáníìṣì wo ló yẹ kí n gbọ́ kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Kúbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ́dítì fíìmù ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, mo sì fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ olùdarí eré ní ilé ẹ̀kọ́ fíìmù San Antonio de los Baños ní Kúbà. Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni mo gbọ́. Àwọn kan ní tí mo bá ti débẹ̀, èdè á wọlé fúnra rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n kọ́kọ́ kọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má gbọ́ tiwọn. Èdè á wọlé lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ kò ní dúró dè é. Ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń wí, EICTV, tí Fernando Birri, Gabriel García Márquez àti Julio García Espinosa dá sílẹ̀ ní 1986, ọdún 3 ni kọ́ọ̀sì rẹ̀ tó gùn jù, Sípáníìṣì ni wọ́n sì fi ń kọ́ni. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ibẹ̀ kì í gbé ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ fíìmù ni wọ́n, láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi; wọ́n á wá kọ́ni fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Bí ọ̀rọ̀ olùkọ́ bá ń yọ̀ dànù lára yín bí omi orí ewé kókò fún ọ̀sẹ̀ 2, àsìkò náà ni yóò máa di ẹrù rẹ̀.

Ìpele B2, ìyẹn ìkẹrin nínú ìpele 6 tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìmọ̀ èdè, ni kí ẹ fojú sùn, yálà wọ́n béèrè ìwé ẹ̀rí tàbí wọn kò béèrè. Nínú DELE B2, ìdánwò ìwé ẹ̀rí Sípáníìṣì, kíkà àti kíkọ jẹ́ máàkì 50, gbígbọ́ àti sísọ náà jẹ́ 50. Apá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó 30. Èyí tó pọ̀ kò lè gba èyí tó kéré sílẹ̀. Gbígbọ́ ló sábà máa ń mú ẹni tó dá kọ́ èdè lórí fóònù, nítorí ohùn inú fóònù mọ́ jù. Ará Kúbà kì í pe s tó parí sílébù délẹ̀, ó ń di h lẹ́nu wọn: pescado, ìyẹn ẹja, á di «pehcao». Kí etí yín tó mọ́ èyí, olùkọ́ láti Buenos Aires á dé, á pe calle ní «káṣe». Rédíò àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ará Kúbà ni kí ẹ máa gbọ́ lójoojúmọ́.

Ní ti pípè, kò le fún wa. Fáwẹ̀lì 5 péré ni wọ́n ní, r inú pero kò sì jìnnà sí tiwa. Rr inú perro ni kí ẹ ṣiṣẹ́ lé. Ẹ tún ṣọ́ ibi tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀: término ni òpin, termino ni «mo ń parí rẹ̀», terminó ni «ó parí rẹ̀». Ẹni tó mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ kò yẹ kó ṣì í.

Èdè lókéṣọ̀n gan-an ni ìwé ẹ̀kọ́ èdè kì í kọ́ni. Nígbà tí wọ́n bá ń pa claqueta, pákó tí wọ́n ń pa níwájú kámẹ́rà kí wọ́n tó yàwòrán, ẹ ó gbọ́ «secuencia 4, plano 2, toma 1». Ohun tí ẹ̀yin ń pè ní síìnì ni wọ́n sábà ń pè ní secuencia níbẹ̀. Plano ni àwòrán kọ̀ọ̀kan tí kámẹ́rà yà, toma sì ni iye ìgbà tí wọ́n tún un yà. Ẹ̀yin tó ń ṣe ẹ́dítì, tí ẹ bá fi ojú Gẹ̀ẹ́sì wo secuencia bí ọ̀wọ́ síìnì, fáìlì á bọ́ sí fódà tí kì í ṣe tirẹ̀. Primer plano náà ń tan ni: kì í ṣe iwájú àwòrán, ojú ènìyàn tó kún àwòrán ni. Iwájú ni primer término. Raccord ni kí nǹkan bára mu láti plano kan sí èkejì. Ẹ ó gbọ́ ọ títí.

Olùdarí eré ń pàṣẹ, nítorí náà ẹ tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ. Mira ni «wò», ṣùgbọ́n «má wo kámẹ́rà» kì í ṣe no mira; no mires a cámara ni, ìyípadà yìí ló sì ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lẹ́nu dúró. Párate ńkọ́? Ní Kúbà, «dìde» ni. Ní Sípéènì, «dúró». Ọ̀rọ̀ kan náà, òṣèré 2 á ṣe ohun tó yàtọ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ mú ìwé eré kúkúrú tí ẹ ti kọ, bíi ojú ewé 5, kí ẹ fi Sípáníìṣì tún un kọ: ìṣe tó ń lọ lọ́wọ́ nìkan ni wọ́n fi ń kọ guion, ìyẹn ìwé eré.

Ẹ máa gbọ́ Changó, Ochún àti aché lẹ́nu ará Kúbà. Inú yín á dùn, àmọ́ èdè Òrìṣà nìyẹn, kò ní gbà yín sílẹ̀ nínú kíláàsì.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè, àmọ́ ó kàn yín: iná Kúbà jẹ́ 60 hertz, tiwa 50, fóltì 110 ló sì wọ́pọ̀. Tí ẹ bá gbé shutter, ìyẹn ìwọ̀n àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀, sí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá bí ẹ ṣe ń ṣe nílé, gílóòbù kan á máa ṣẹ́jú nínú àwòrán, ẹ kò sì ní rí i lójú ara yín, ó di ìgbà tí ẹ bá ń ṣe ẹ́dítì. Ẹ gbé e sí 1/60. Ẹ wo ẹ̀yìn ṣájà pẹ̀lú: èyí tí wọ́n kọ 100–240V sí ni kí ẹ gbé dání, kí ẹ sì ra pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ 2 pẹlẹbẹ.