Ta ni mo máa fi ọlọ́pàá ìlú wa sùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Lọ́yà. Ontario ní Kánádà ni mò ń gbé. Lóṣù tó kọjá, ọlọ́pàá ìlú wa dá mọ́tò mi dúró, ó ń pariwo mọ́ mi bí ẹni ń bá ọmọdé wí, kò sì fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Mo kọ lẹ́tà sí méyọ̀, wọn ò fèsì. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kọ́ ni lẹ́tà yín lọ bá. Lóòótọ́, ìlú ló ń sanwó ọlọ́pàá, àmọ́ méyọ̀ ò láṣẹ láti fìyà jẹ wọ́n. Ìgbìmọ̀ alábòójútó kan wà tó ń gba ọ̀gá ọlọ́pàá síṣẹ́, tó sì ń gbé ìlànà kalẹ̀. Méyọ̀ lè jókòó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ náà gan-an ò gbọdọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n mú Lágbájá tàbí kí wọ́n fi Tàmẹ̀dò sílẹ̀. Àwa tá a ti rí i bí olóṣèlú ṣe ń lo ọlọ́pàá nílé mọ ìdí ẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n bá ọkùnrin yẹn wí, LECA ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí, ìyẹn Law Enforcement Complaints Agency, àjọ tó ń gba ẹ̀sùn lórí ìwà ọlọ́pàá. OIPRD ló ń jẹ́ kí òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò sì nílò lọ́yà. Ẹ má jẹ́ kó kọjá oṣù 6, kí wọ́n má baà dá a padà. Ẹ kọ ọjọ́, aago, òpópónà tó ti ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà ọlọ́pàá náà, àti ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an. Mo ti ka ìwé ẹ̀sùn olójú ewé mẹ́rin rí: ìbínú ló kún inú ẹ̀, kò sí déètì kan ṣoṣo.

Kó má yà yín lẹ́nu o, LECA lè gbé ẹ̀sùn náà lé ọ̀gá ọlọ́pàá yẹn kan náà lọ́wọ́ pé kó wádìí ẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin fàyè gbà á.

Ká ní ó ṣe yín léṣe gidi ni, SIU (Special Investigations Unit), àjọ tó ń wádìí ọlọ́pàá tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1990, ni ì bá gbà á, àwọn sì lè gbé ọlọ́pàá lọ sí kóòtù. Ní ti owó gbà-máà-bínú, LECA kì í bá èèyàn gbà á. Ẹjọ́ lọ́tọ̀ nìyẹn, ọdún 2 sì ni òfin sábà máa ń fún yín láti pè é.

Tí kámẹ́rà bá wà láyà ọlọ́pàá náà, ẹ kọ̀wé béèrè fídíò ẹ̀, dọ́là 5 ni owó ìwé ìbéèrè. Ẹ tètè ṣe ìyẹn ná, torí wọn kì í tọ́jú fídíò títí ayé.