Báwo ni mo ṣe lè mọ orúkọ àwọn ion (átọ̀mù tàbí àkójọpọ̀ átọ̀mù tó ní iná lára) àti iye iná (charge) tó wà lára wọn?
Ẹ má há gbogbo rẹ̀ sórí. Ọ̀pọ̀ wọn ló wà lójú tábìlì periodic: group 1 (òpó kìíní nínú tábìlì náà), bíi sodium, máa ń jẹ́ 1+, group 2, 2+, group 17, 1−. Oxygen máa ń jẹ́ 2−. Alágídí ni iron ní tirẹ̀: ó lè jẹ́ Fe²⁺, ó sì lè jẹ́ Fe³⁺, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ iron(II) tàbí iron(III), kí nọ́ńbà inú àkámọ́ lè fi iye iná náà hàn.

Àwọn tí ẹ máa há sórí lóòótọ́ ni NH₄⁺ (ammonium), OH⁻ (hydroxide), CO₃²⁻ (carbonate) àti PO₄³⁻ (phosphate). Ibi tó máa ń tan èèyàn jẹ ni sulfate, SO₄²⁻, àti sulfite, SO₃²⁻. Iná wọn kò yàtọ̀. Oxygen kan ni sulfate fi ju èkejì lọ. Bákan náà ni nitrate àti nitrite.