Tẹ́ńpìlì àtijọ́ ní Ṣáínà: Shanxi ni kí ẹ wọ rélùwéè lọ

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ béèrè ni pé bí ẹ bá ra ọjà tán ní Guangzhou lóṣù kẹwàá, ṣé ẹ lè dá wọ rélùwéè lọ wo àwọn tẹ́ńpìlì àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà, láìsí ẹni tí yóò mú yín lọ, láìgbọ́ èdè wọn. Ẹ lè lọ dáadáa. Èmi náà máa ń lọ bẹ́ẹ̀ tí mo bá ti kó ẹrù sínú kọ̀ńténà tán. Ibi tí ẹ máa kọjú sí ló ṣe pàtàkì jù, torí ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì tí wọ́n ń pè ní àtijọ́ láwọn ìlú ńlá ni wọ́n ti wó, tí wọ́n sì ti tún kọ́ léraléra.

Shanxi, ìpínlẹ̀ kan ní àríwá Ṣáínà, ni kí ẹ lọ. Igi ni wọ́n fi ń kọ́ tẹ́ńpìlì láyé àtijọ́, igi sì ń jóná, ó ń jẹrà, ogun ń bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Shanxi gbẹ, òkè yí i ká, ọ̀nà ibẹ̀ sì le tẹ́lẹ̀, ni igi àtijọ́ ṣe ṣẹ́ kù síbẹ̀ ju ibòmíràn lọ ní gbogbo Ṣáínà. Láti Guangzhou Nan, ọkọ̀ G tó ń sáré máa gbé yín dé Beijing Xi ní nǹkan bí wákàtí 8. Láti Beijing sí Datong kò ju nǹkan bí wákàtí 2 lọ, sí Taiyuan náà sì tó wákàtí 3. Ẹ wo orúkọ ibùdókọ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó. Beijing nìkan ní ibùdókọ̀ rélùwéè tó pọ̀, wọ́n sì jìnnà síra. Datong yàtọ̀ sí Datong Nan, Taiyuan yàtọ̀ sí Taiyuan Nan. (Nan ni gúúsù, Xi ni ìwọ̀ oòrùn.)

Lórí áàpù 12306 ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ti ilé iṣẹ́ rélùwéè wọn fúnra rẹ̀ ni, ó sì ní apá Gẹ̀ẹ́sì. Nílé ni kí ẹ ti forúkọ sílẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé ọ̀hún, torí wọ́n máa yẹ páásípọ́ọ̀tù yín wò kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ ra nǹkan, ó sì lè pẹ́. Orúkọ wa gùn, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù gẹ́lẹ́, orúkọ àárín àti gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba páásípọ́ọ̀tù tuntun, nọ́ńbà tuntun ni kó wà níbẹ̀. Wọn kì í lo tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé mọ́, páásípọ́ọ̀tù yẹn gan-an ni tíkẹ́ẹ̀tì yín. Tí ẹnu ọ̀nà tó ń dá ṣí kò bá kà á, ẹ kọjá sí ẹ̀gbẹ́ tí òṣìṣẹ́ wà, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó sì wọlé. Ẹ tètè dé ibùdókọ̀, torí wọ́n ń yẹ ẹrù wò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ń ti ibi ìwọlé kí ọkọ̀ tó gbéra.

Tí ẹ bá fẹ́ fi alẹ́ rìn kí owó òtẹ́ẹ̀lì dínkù, àwọn ọkọ̀ K àti Z ní ibùsùn. Olówó pọ́ọ́kú ibẹ̀ jẹ́ mẹ́ta mẹ́ta lórí ara wọn, kò ní ilẹ̀kùn. Ti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gbà, ẹ̀gbọ́n, ó fi díẹ̀ wọ́n ju ti òkè lọ ṣùgbọ́n ó yẹ bẹ́ẹ̀. Omi gbígbóná ọ̀fẹ́ wà nínú gbogbo ọkọ̀, ẹ mú kọ́ọ̀pù dání.

Ní báyìí, ibi tí ìrìn àjò yìí ti ń le. Ìlú ni rélùwéè ń gbé èèyàn dé, àwọn tẹ́ńpìlì tó dára jù sì wà lábúlé. Orúkọ ibùdókọ̀ náà kì í sọ òótọ́. Ibùdókọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Wutaishan. Ìlú kékeré Shahe ló wà, ó sì tó nǹkan bí 50 kílómítà sí Taihuai, tó jẹ́ àárín àwọn tẹ́ńpìlì orí òkè Wutai. Èyí tó tún wá ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ: tẹ́ńpìlì Foguang àti Nanchan, tó jẹ́ pé nítorí wọn ni mo fi ń sọ pé kí ẹ lọ, kò sí ní Taihuai rárá. Abúlé tó jìnnà síbẹ̀ ni méjèèjì wà. Taiyuan ni kí ẹ fi ṣe ibùgbé, kí ẹ ṣátà ọkọ̀ fún odidi ọjọ́ kan, kí ẹ jáde ní àárọ̀ kùtù.

Nanchan kéré, ẹ lè yí i ká kí ẹ tó ka ọgọ́rùn-ún. Ọdún 782 ni wọ́n kọ́ ọ, òun sì ni ilé onígi tó pẹ́ jù tó ṣì dúró ní Ṣáínà tí a mọ ọdún rẹ̀. Kò sí òpó kankan nínú rẹ̀, orí àwọn òpó tó yí ògiri ká ni òrùlé dúró lé. Ní 845, ọba Wuzong ti ìjọba Tang pàṣẹ kí wọ́n wó àwọn tẹ́ńpìlì ẹlẹ́sìn Búdà káàkiri ilẹ̀ náà. Nanchan kéré, ó fara pamọ́, ó sì yè. Foguang ò yè. Wọ́n wó o, wọ́n sì tún un kọ́ ní 857.

Gbọ̀ngán ìlà oòrùn Foguang yẹn ni kí ẹ fi àkókò yín fún. Ẹ kọ́kọ́ dúró sábẹ́ etí òrùlé kí ẹ gbójú sókè. Lórí òpó kọ̀ọ̀kan, wọ́n to igi lé igi, ọ̀kan há sínú èkejì, wọ́n ń yọ síwájú ní ìpele ìpele títí etí òrùlé fi jáde tó nǹkan bí mítà 4. Ìtòpọ̀ igi yẹn tó ìdajì gíga òpó tó gbé e. Ní 1937, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Jàpáànù ti ń sọ pé kò sí ilé onígi ayé Tang kankan tó kù ní Ṣáínà, ayàwòrán ilé ọmọ Ṣáínà kan, Liang Sicheng, àti ìyàwó rẹ̀ Lin Huiyin gun ìbaaka dé ibẹ̀. Òkè àjà kún fún àdán àti eruku. Lin Huiyin ló rí orúkọ kan tí wọ́n fi tàdáwà kọ sábẹ́ igi àjà: Ning Gongyu, obìnrin tó náwó sí kíkọ́ ilé náà. Orúkọ yẹn kan náà ló wà lára òpó òkúta tó wà ní àgbàlá, pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Ẹ má kọjá òpó yẹn láìwò ó. Obìnrin olówó kan ló jẹ́ kí ilé yẹn dúró, òkúta sì ṣì ń jẹ́rìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ dúró dè yín níbẹ̀, kí ẹ má sì san gbogbo owó tán kí ẹ tó padà. Èyí tó gbé mi lọ nígbà kan já mi sílẹ̀, ó yí orí ọkọ̀ padà, kò sì sí ọkọ̀ DiDi (áàpù tí wọ́n fi ń pe takisí) kankan tó ń dáhùn lágbègbè yẹn. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ìlú Doucun kí n tó rí ẹni tó gbé mi. Ẹ kọ orúkọ wọn ní lẹ́tà Ṣáínà sínú fóònù: 佛光寺 (Foguang), 南禅寺 (Nanchan), 应县木塔 (ilé gogoro Yingxian tí mo máa tó sọ). Tí ẹ bá fi ẹnu wa pè é, wọn ò ní gbọ́.

Datong rọrùn ju ìyẹn lọ. Àwọn ihò òkúta Yungang wà ní nǹkan bí 16 kílómítà sí ìlú, bọ́ọ̀sì ń lọ. Tẹ́ńpìlì Huayan wà láàárín ìlú gan-an, ilé ìkówèé rẹ̀ ti wà láti 1038. Ilé gogoro onígi ti Yingxian náà, 1056 ni wọ́n kọ́ ọ, ó ga ju mítà 67 lọ. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn gun òkè rẹ̀, ìsàlẹ̀ nìkan lẹ máa wọ̀, síbẹ̀ ẹ lọ. Ọkọ̀ kan lè gbé yín dé ibẹ̀ àti Tẹ́ńpìlì Àfikọ́, tó so mọ́ ara àpáta ní Hunyuan, lọ́jọ́ kan.

Pingyao ò ní gba àsìkò yín púpọ̀. Láti Taiyuan Nan, kò pé wákàtí kan. Èrò pọ̀ jù nínú ìlú olódi yẹn fún mi, ṣùgbọ́n àwọn ère alámọ̀ tẹ́ńpìlì Shuanglin lẹ́yìn odi dára gidigidi, tẹ́ńpìlì Zhenguo sì ti wà láti 963.

Ti owó, ẹ so káàdì yín mọ́ Alipay tàbí WeChat, áàpù tí wọ́n fi ń sanwó níbẹ̀, kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì ní owó yuan díẹ̀ lápò. Ti òtẹ́ẹ̀lì, àwọn kékeré kan láwọn ìlú kéékèèké ṣì ń lé àlejò òkèèrè padà. Wọ́n ti lé mi lóru rí, ó sì dùn mí. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, tàbí kí ẹ sùn sí Taiyuan àti Datong.

Ti ọjọ́: ẹ yẹra fún ọjọ́ kìíní sí ìkeje oṣù kẹwàá. Ọdún ìdásílẹ̀ orílẹ̀-èdè wọn ni, gbogbo Ṣáínà ló ń rìnrìn àjò, ẹ ò ní rí ibùsùn rà. Ọjọ́ 15 ṣáájú ni wọ́n ń ṣí títa tíkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ oṣù náà, àyè máa wà, òtútù Datong á sì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ mú kóòtù dání. Ẹ sọ ọjọ́ tí físà yín máa bẹ̀rẹ̀ fún mi, màá bá yín wo àwọn ọkọ̀ tó bá a mu.