Mo pa oúnjẹ alẹ́ tì, apá mi rù, ikùn ò lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 49 ni mí, aṣọ ni mò ń tà n'Ìbàdàn. Látìgbà tí nǹkan oṣù mi ti ń ṣe ségesège ni ikùn mi ti ń yọ. Mo wá pa oúnjẹ alẹ́ tì. Mo fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ apá àti itan mi ló rù, ikùn wà níbẹ̀. Tí mo bá fẹ́ dìde lórí àpótí, àfi kí n fọwọ́ ti orúnkún. Kí ni kí n máa jẹ? (Ìyá Aláṣọ)

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun mà. Ọ̀rá nìkan kọ́ lẹ sọ nù, iṣan, ìyẹn ẹran ara tó ń fún wa lágbára, bá a lọ. Téèyàn bá ti kọjá ọgbọ̀n ọdún ni iṣan ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá tún wá ń febi pa ara rẹ̀, iṣan yẹn náà lara á máa jẹ. Ìdí tẹ́ ẹ fi ń ti orúnkún nìyẹn.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé tíì àti búrẹ́dì lẹ fi ń ṣínu, ẹran inú ọbẹ̀ ńkọ́, bàbá àtàwọn ọmọ lẹ kọ́kọ́ ń bù ú fún. (Àwa ìyá, bákan náà ni gbogbo wa.) Èròjà amúaradàgbà ni iṣan fi ń ró, ó sì yẹ kó wà nínú gbogbo oúnjẹ òòjọ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́. Fún ẹni tó tẹ̀wọ̀n tó kílò 70, gíráàmù 70 sí 84 èròjà yìí lójúmọ́ dáa. Ẹyin kan ní bíi 6. Ẹja tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ yín ní bíi 20.

Torí náà, ẹ fi ẹyin méjì ti búrẹ́dì yẹn, tàbí kẹ́ ẹ fi mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́ja mu ẹ̀kọ. Ẹ̀wà lọ́sàn-án, àmọ́ kí epo má léfòó lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni sísanra ti ń yọ́ wọlé. Ẹ dá oúnjẹ alẹ́ padà: àmàlà tó tó ìkúùkù yín, ẹ̀fọ́ tó pọ̀ jù ú lọ, ẹja tàbí wàrà. Ẹlẹ́rìndòdò tẹ́ ẹ fi ń pòùngbẹ lọ́jà ni kẹ́ ẹ lé lọ, kì í ṣe òkèlè.

Oúnjẹ nìkan ò lè dá iṣan padà o. Láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ máa jókòó kẹ́ ẹ sì máa dìde lórí àga nígbà mẹ́wàá láìfọwọ́ ti nǹkan. Ẹ lè kọ́kọ́ di tábìlì mú. Ìdì aṣọ tó fúyẹ́, ẹ yé pe ọmọọṣẹ́ sí i.

Tẹ́ ẹ bá ní àìsàn kíndìnrín tàbí ẹ̀ ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ ń jẹun dáadáa tẹ́ ẹ ṣì ń rù, ẹ má dúró de ìdáhùn mi, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ.